Ẹni Tó Dákẹ́ Kò Tíì Kú

Ìyá oní-POS tó wà lẹ́bàá ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn, kì í gbé ẹ̀rọ kan ṣoṣo jókòó. Méjì ló máa ń tò sórí tábìlì lábẹ́ agbòòrùn rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ni ọ̀kan yàtọ̀ sí èyí tó ni èkejì, káàdì SIM inú wọn náà sì yàtọ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège lára ti àkọ́kọ́, èkejì ni yóò fà mọ́ra. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ lọ́gbọ́n yìí níléèwé. Òwò ló kọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fẹ́ gba ₦20,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ki káàdì mi bọ ẹ̀rọ àkọ́kọ́, mo tẹ píìnì mi, àwa méjèèjì sì tẹjú mọ́ ọn. Àmì róbótó kan ń yí lójú ẹ̀rọ náà. Ó ń yí, ó ń yí. Nígbà tó tó bí ìṣẹ́jú kan, ojú ẹ̀rọ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kò sọ pé owó lọ, kò sì sọ pé kò lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ó ti kú nìyẹn," ni ìyá wí, ó sì mú èkejì. Ìyẹn ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ka owó fún mi, mo dúpẹ́, mo lọ. N kò tíì dé ibi tí mo gbé ọkọ̀ sí tí fóònù mi fi dún, tó tún dún. Báńkì ti yọ ₦20,000 lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń lọ tí mo fi ń bọ̀ kí wọ́n tó dá ọ̀kan padà.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kò kú. Ó dákẹ́ ni, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ níbi tí ojú wa kò tó. Àṣìṣe yẹn gan-an, ní ìwọ̀n tó ju ti tábìlì Bódìjà lọ fíìfíì, ti gbé àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé mọ̀ ṣánlẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń pè ní cloud, tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ lójoojúmọ́, ilé ni. Ilé ńlá tó kún fún kọ̀ǹpútà ni, tó ní ìlẹ̀kùn, tó ní jẹnẹrétọ̀, tó ní ẹ̀rọ amúlétutù tí kì í sinmi. Ilé lè jóná. Wáyà lè já. Òṣìṣẹ́ lè tẹ bọ́tìnì tí kò yẹ kó tẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kì í tan ara wọn pé nǹkan kan ò ní bàjẹ́ láéláé. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé: bí èyí bá ṣubú, ta ni yóò gba ipò rẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó ni yóò sì gbà á? Ìgbapò yẹn ni wọ́n ń pè ní failover. Sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, wà níwájú; òmíràn wà lẹ́yìn tó ń da gbogbo ohun tí tiwájú bá kọ kọ. Bí tiwájú bá ṣubú, tẹ̀yìn a bọ́ síwájú, wọ́n a sì darí àwọn oníbàárà sọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá lọ bó ṣe yẹ, ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ṣakí kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ìrònú náà ti pẹ́. Ní 1974 ni James Treybig dá ilé-iṣẹ́ Tandem sílẹ̀ ní California láti máa ṣe kọ̀ǹpútà tí ẹ̀yà ara rẹ̀ jẹ́ méjì méjì, kí ọ̀kan lè gbà á bí ìkejì bá bàjẹ́. Báńkì ló kọ́kọ́ rà á, Citibank, ní 1976. Ẹni tó bá ń ṣọ́ owó olówó kì í fi ọ̀rọ̀ báyìí ṣeré.

Ṣùgbọ́n báwo ni tẹ̀yìn ṣe ń mọ̀ pé tiwájú ti kú? Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò tó ní ọdẹ yóò tètè lóye rẹ̀. Lóru, ọdẹ a máa fi irin lu òpó iná ní wákàtí wákàtí, ká lè mọ̀ pé ó wà lójúfò. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn sáfà ń ṣe, àfi pé tiwọn ń yá kánkán, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan síra: mo wà, mo wà, mo wà. Lílù ọkàn ni wọ́n ń pe ìró yìí. Bó bá dáwọ́ dúró fún iye ìgbà tí wọ́n ti fi sófin, tẹ̀yìn yóò gbà pé tiwájú ti lọ. Ẹ wá wò ó. Bí n kò bá gbọ́ irin ọdẹ ní aago mẹ́ta òru, ó lè jẹ́ pé olè ti ṣe é léṣe. Ó lè jẹ́ pé oorun ló gbé e lọ. Ó sì lè jẹ́ pé ó lu irin rẹ̀ dáadáa, òjò tó ń pariwo lórí páànù mi ni kò jẹ́ kí n gbọ́. Láti orí bẹ́ẹ̀dì mi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò yàtọ̀ síra. Láti ibi tí sáfà ẹ̀yìn wà náà, wọn ò yàtọ̀.

GitHub ni ibi tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí. Àwọn ọmọ wa ní Yábàá, l'Ékòó, kì í fi ọjọ́ kan gbàgbé rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago méjìlá òru lù ní Nàìjíríà, àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń pààrọ̀ ohun èlò fáíbà kan tó ti ń kọṣẹ́. Iṣẹ́ àtúnṣe tí wọ́n máa ń ṣe ni. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ni ìsopọ̀ ti já láàárín ojúkò nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ní etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà àti ibùdó dátà wọn tó ṣe pàtàkì jù ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ìṣẹ́jú àáyá 43 ló fi já kó tó padà. Ẹni tó bá rọra gba Àdúrà Olúwa lẹ́ẹ̀mejì ti lò tó bẹ́ẹ̀.

Wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 11 ni wọ́n fi jìyà ìṣẹ́jú àáyá 43 náà.

Wọ́n ní ètò kan tó ń jẹ́ Orchestrator, òun ló ń ṣọ́ àwọn dátábéèsì wọn, níbi tí àkọsílẹ̀ ń gbé, tó sì ń yan èyí tí yóò jẹ́ olórí. Wọn kò fi í síbì kan ṣoṣo. Ó wà ní ibùdó ìlà-oòrùn, ó wà ní ti ìwọ̀-oòrùn, ó sì tún wà nínú cloud tí wọ́n háyà ní ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù: ọ̀kan kò lè dá ìpinnu ṣe, àfi bí èyí tó pọ̀ jù bá fohùn ṣọ̀kan. Ìlànà ìdìbò tí wọ́n ń tẹ̀ lé, Raft, ni Diego Ongaro àti John Ousterhout ní Yunifásítì Stanford gbé jáde ní 2014, mo sì gbà pé ó wà lára ohun tó mọ́gbọ́n dání jù tí wọ́n ti ṣe nínú ẹ̀ka ìmọ̀ yìí. Nígbà tí wáyà já, àwọn ti ìwọ̀-oòrùn àti àwọn ti inú cloud rí ara wọn, wọ́n ka ara wọn, wọ́n rí i pé àwọn pọ̀ tó láti dìbò. Wọ́n pe ibùdó ìlà-oòrùn, kò dáhùn. Ni wọ́n bá gbé adé fún dátábéèsì tó wà ní òdìkejì ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ṣe ohun tí a kò rán an.

Ní Àkúrẹ́ àti lápá Èkìtì, bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń ṣe adelé. Ṣùgbọ́n kò sí ìjòyè tó máa fi ẹnikẹ́ni jẹ adelé nítorí pé ó kanlẹ̀kùn ààfin lẹ́ẹ̀mẹta tí kábíyèsí kò dáhùn. Wọ́n á wọlé lọ wò ó.

Dátábéèsì ìlà-oòrùn ṣì wà láàyè. Kí ìsopọ̀ tó já, ó ti gba àwọn àkọsílẹ̀ kan wọlé fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí wọn kò tíì dé ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí ìsopọ̀ padà, ìwọ̀-oòrùn ti ń jọba, àwọn oníbàárà sì ń kọ̀wé sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi máa mọ ohun tó ń lọ, ìwọ̀-oòrùn ti ní iṣẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 tí ìlà-oòrùn kò ní, ìlà-oòrùn náà sì ní ìwọ̀nba tirẹ̀ tí ìwọ̀-oòrùn kò ní. Ìwé ìṣirò méjì fún ọjà kan náà, kò sì sí èyí tí wọ́n lè fà ya, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló wà nínú méjèèjì. Èyí tó tún burú ni pé àwọn ètò tó wà ní ìlà-oòrùn wá ní láti máa la gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọjá kí wọ́n tó rí ìdáhùn sí ìbéèrè kékeré kan. Ohun gbogbo ń wọ́ tuuru.

Wọ́n lè sáré. Wọ́n lè ju àkọsílẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan nù, kí wọ́n ṣí ilé-ìtajà padà kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ oníbàárà má mọ̀ láéláé. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá àwọn iṣẹ́ kan dúró, wọ́n lọ fa ẹ̀dà ìpamọ́ tó tóbi gan-an wá láti ibi jíjìn, ọ̀pọ̀ wákàtí nìyẹn gbà, wọ́n sì ń fara da ariwo gbogbo ayé títí ìwé méjèèjì fi bára mu. Mo bọlá fún ìpinnu yẹn. Àwọn tó ń kígbe lé wọn lórí lọ́jọ́ náà kò mọ̀ pé ẹrù àwọn ni wọ́n ń ṣọ́. Nígbà tí ó parí, nínú ọ̀kan lára àwọn dátábéèsì tí ọwọ́ rẹ̀ dí jù, àkọsílẹ̀ 954 ló ṣẹ́ kù tí wọ́n ní láti yẹ̀ wò, láti mọ èyí tó ṣeé dá padà fúnra rẹ̀ àti èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ torí rẹ̀ kàn sí oníbàárà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún Orchestrator pé kò gbọ́dọ̀ dá gbé adé kọjá láti ẹkùn kan sí òmíràn mọ́.

Ìṣòro olórí méjì lẹ́ẹ̀kan náà yìí, àwọn rìwáyà wa ní oògùn rẹ̀. Rìwáyà tó mọṣẹ́ kì í so jẹnẹrétọ̀ mọ́ ilé láìfi changeover sí i. Ẹ lọ wo èyí tó wà lára ògiri yín. Bí ẹ bá ti ọwọ́ irin rẹ̀ sókè, NẸ́PÀ ni. Bí ẹ bá fà á wá sísàlẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ni. Bó bá wà láàárín, kò sí ìkankan. Bí wọ́n ṣe rọ ọ́ kò gbà kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọmọdé tàbí ọ̀mùtí, so méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ní láti kúrò lọ́dọ̀ ọ̀kan pátápátá kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń ki wáyà jẹnẹrétọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri tààrà. Bí NẸ́PÀ bá dé, jẹnẹrétọ̀ á jóná. Èyí tó ń dùn mí jù nìyí: iná jẹnẹrétọ̀ náà á gba ojú wáyà padà lọ sí àdúgbò, yóò sì bá òṣìṣẹ́ tó wà lórí òpó, tó ti fọwọ́ mú wáyà nítorí wọ́n ti sọ fún un pé wáyà yẹn ti kú.

Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń ṣe ohun kan náà pẹ̀lú sáfà. Kí tẹ̀yìn tó jókòó sórí àga, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pàṣẹ kí wọ́n pa iná tó ń lọ sọ́dọ̀ tiwájú, kódà bó bá dá a lójú pé ó ti kú. Ọ̀nà mìíràn ni kí wọ́n fún olórí ní àṣẹ tó ní àkókò: ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré, lẹ́yìn náà kó wá tọrọ òmíràn. Bí kò bá rí ẹni tó máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò fúnra rẹ̀ ṣí adé. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n kejì yìí gan-an, nítorí ó gbà pé ẹni tó dákẹ́ náà lè ní ìmọ̀ra. Ní tèmi, ẹ̀rọ ló yẹ kó ṣe ìgbapò láàárín ìlú kan náà, nítorí ènìyàn kì í yára tó lóru. Bó bá di pé a ń gbé àṣẹ kọjá láti ẹkùn dé ẹkùn, kí ẹnì kan tó lójú tó létí kọ́kọ́ wò ó.

Èkejì tí a ní tún gbọ́dọ̀ jìnnà sí àkọ́kọ́. Òru ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2021, ilé alájà márùn-ún kan tó jẹ́ ti OVHcloud ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé, jóná kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kan wà tí wọ́n ní ẹ̀dà ìpamọ́, tí wọ́n ti fọkàn balẹ̀, tí ẹ̀dà náà sì wà nínú ibùdó tí iná ọ̀hún jó.

Nítorí irú ìjàǹbá báyìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ cloud ṣe ń pín ibùdó wọn sí ọ̀nà jíjìn síra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iná tirẹ̀. Tiwa ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tún ní ìṣòro mìíràn: àwọn ibùdó ńláńlá tí a ń gbára lé wà ní Yúróòpù tàbí ní Cape Town àti Johannesburg, abẹ́ òkun la sì ń gbà dé ibẹ̀. Ní ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn fáíbà abẹ́ òkun mẹ́rin já nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Nàìjíríà, Gánà, Bẹ̀nẹ̀, Côte d'Ivoire, gbogbo wọn ló gbóná. Ilé-iṣẹ́ MainOne sọ pé ibi tó ti já jìn débi pé kò lè jẹ́ ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi tàbí àwọ̀n apẹja. Ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló mì. Lórí ìwé, ilé-iṣẹ́ tó ra àyè lórí méjì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ní àrọ́pò. Nísàlẹ̀ òkun, ẹ̀bá ara wọn ni wọ́n gbà kọjá.

Àwọn tó rò pé àwọn á gba ìlà-oòrùn Áfíríkà yíká náà rí ìjákulẹ̀, nítorí ní oṣù Kejì, kí ti Abidjan tó ṣẹlẹ̀, àwọn okùn kan ti já nínú Òkun Pupa, Seacom, EIG àti AAE-1 wà lára wọn. Microsoft fi tó àwọn oníbàárà rẹ̀ létí nígbà náà pé ìjàǹbá méjèèjì tó pàdé pọ̀ ló dín àyè tó wà fún Áfíríkà kù. Ọ̀nà àrọ́pò ti bàjẹ́ kí ojú ọ̀nà tó bàjẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì mọ̀ nítorí pé kì í ṣe ibẹ̀ la máa ń gbà.

Lára àwọn tó bọ́ ni àwọn tó ní àyè lórí okùn Equiano ti Google, tó gúnlẹ̀ sí Lomé ní oṣù Kẹta ọdún 2022 àti sí Èkó ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Kò yà sí Abidjan. Olaudah Equiano ni wọ́n fi sọ orúkọ rẹ̀, ẹni tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní 1789 nípa bí wọ́n ṣe jí i gbé lọ́mọdé tí wọ́n sì gbé e sọdá òkun ní ẹrú. Nígbàkigbà tí mo bá rántí pé lọ́jọ́ tí ohun gbogbo já, orúkọ ọmọ yẹn ló gbé ohùn wa kọjá omi, ara mi a máa bù màṣọ̀.

Èmi kì í tètè gba ilé-iṣẹ́ tó bá sọ fún mi pé àwọn ní àrọ́pò gbọ́. Ìbéèrè mi ni pé, ìgbà wo lẹ lò ó kẹ́yìn? Jẹnẹrétọ̀ tí a kò tan fún oṣù mẹ́ta, ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀ ni yóò fi hàn pé bátìrì rẹ̀ ti kú. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí GitHub ń ṣe, tó ti rẹ̀ lóru pa dátábéèsì rẹ́ lórí sáfà tí kò fọkàn sí. Ọ̀nà ìpamọ́ márùn-ún ni wọ́n ní. Kò sí ìkankan tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ̀dà kan tí ẹnì kan ṣàdédé ṣe ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló kó wọn yọ, iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà náà sì lọ.

Netflix ló kọ́ ẹ̀kọ́ yìí dójú àmì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2008, dátábéèsì wọn bàjẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ni wọn kò fi lè fi DVD ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sínú cloud ti Amazon, wọ́n sì kọ ètò kan tí wọ́n pè ní Chaos Monkey, ọ̀bọ adárúgúdù, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa pa sáfà wọn kiri láìsọ tẹ́lẹ̀, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ wà lórí ìjókòó. Ohun tó bá máa wó, kó wó lójú wọn. Síbẹ̀, ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 2012, ìṣòro kan ní ẹkùn ìlà-oòrùn Amazon gbé wọn ṣubú, torí pé pípa sáfà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti fi kọ́ra, wọn kò tíì fi pípa odindi ẹkùn kọ́ra. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìyẹn náà. Nígbà tí wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní ẹkùn kan náà ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, wọ́n kó àwọn oníbàárà wọn kúrò níbẹ̀ lọ sí ẹkùn mìíràn, bí wọ́n ṣe ti ń ṣe é lọ́jọ́ tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n.

Mo padà sí Bódìjà. Àwọn tó ń kọ ètò owó ní oògùn fún ohun tó ṣe mí: wọn a fún ìdúnàádúrà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, tó fi jẹ́ pé bó bá dé báńkì lẹ́ẹ̀mejì, báńkì á ní òun ti rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ méjì láti ilé-iṣẹ́ méjì kò mọ ara wọn. Nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fún owó kan náà.

Ìyá oní-POS ti wá ra ìwé ẹ́sásáìsì kan, ó fi okùn so báírò mọ́ ọn. Nígbà tí mo tún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yí, ó yí, ó sì dákẹ́. Mo ti ń wo ìkejì. Kò fọwọ́ kàn án. Ó kọ aago tí a wà sínú ìwé, ó kọ iye owó, ó wá pe nọ́ńbà àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ náà, ó gbé fóònù sí èjìká.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fa àga yẹn, ẹ jókòó," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí tàkọ́kọ́ wà."